Ààbọ̀ Iṣu Sísun Létí Odò Ògùn

Ojú ọ̀tún ọkọ mi ti fọ́ kí a tó gbéra nílé. Ti òsì ló kù, òun náà sì ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan funfun kan ló bo ẹyinjú rẹ̀, ó rí bí omidùn orí ògì. A wá gbọ́ pé dókítà òyìnbó kan ti dé sí ilé ìwòsàn ní Èrúwà, tó máa ń bó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kúrò lójú èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá. Wọ́n ní tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, yóò padà sí Ìbàdàn. Ìdí tí a fi rìn nìyẹn. Ojú kan ṣoṣo la gbé lọ sí Èrúwà. Kò sí nǹkan mìíràn tí a bá lọ.

Ìparí ọdún 1968 ni. Àwọn àgbẹ̀ ti kọ̀, wọ́n ní àwọn kò san owó orí mọ́. Lójú títì Lanlátẹ̀, àwọn agbowó orí ń dá ọkùnrin dúró, wọ́n ń bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí kò bá ní, inú lọ́rì ni. Ọkọ mi kò ní. Ọdẹ sì ni. Nígbà náà, ojú tí wọ́n fi ń wo ọdẹ kò dára rárá, nítorí ìbọn. Èmi ni mo ní ká má gba títì.

Ó ní, "Àṣàkẹ́, ẹ̀rù rẹ yìí, ọjọ́ kan ni yóò pa wá jẹ."

Mo ní, "Kó pa wá jẹ nínú igbó, Bàbá Abíọ́nà. Kó má jẹ́ inú ẹ̀wọ̀n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Abà wa kò jìnnà sí Odò Ògùn. A ní ká tọ etí odò, ká máa bá omi lọ títí a ó fi dé ibi tí ọ̀nà oko ti yà wọ Èrúwà. Ẹni tó bá gba títì, ọjọ́ kan ni. Ṣùgbọ́n odò a máa lọ́, ẹni tó bá bá a lọ yóò sùn lọ́nà. A gbéra láàárọ̀ Ọjọ́rú.

Ṣàngótọ́lá ni orúkọ ọkọ mi. Èmi, Salome ni wọ́n sọ mí ní ilé ìwé mísọ́nnì, níbi tí mo ti ka ìwé dé kíláàsì kejì kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Nílé ọkọ, kò sẹ́ni tó pè mí ní Salome. Ọkọ mi ni olórí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oko ní agbègbè wa. Ẹni tó bá jí iṣu, òun ló ń mú un. Yóò so iṣu náà mọ́ ọn lọ́rùn, yóò mú un yí abà ká, àwọn ọmọdé yóò sì máa kọrin tẹ̀ lé e. Kì í wojú ẹnikẹ́ni nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá arúgbó kan wà tí mo ti rí i tó so gbágùúdá mọ́ lọ́rùn. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní bí òun bá fi ti ìyá sílẹ̀, kí ni òun yóò sọ fún ọmọ?

Bí a ṣe rìn nìyí: mo di orí ọ̀pá kan mú níwájú, ó di ìdí rẹ̀ mú lẹ́yìn. Kò fọ́jú tán. Ó ń rí òjìji, ó ń rí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣú. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò ní òjìji tó pọ̀, òun ló sì ń gbé èèyàn ṣubú.

Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìkùukùu bo orí omi bí òwú, a kò rí òdìkejì. Amùkúrù ń jẹ wá lẹ́sẹ̀. Ẹyẹ ń ké níbi tí n kò rí wọn, gbogbo ìró ló ń jẹ́ ìró èèyàn létí mi. Nígbà tí oòrùn là, mo rí yanrìn funfun tó yọ síta láàárín odò nítorí omi ti ń fà, àwọn lékeléke sì dúró lórí rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

"Kí lo rí?" Bí ó ṣe ń bi mí láti àárọ̀ nìyẹn.

"Lékeléke."

"Wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀. Igi kan náà tún dùbúlẹ̀ lórí yanrìn."

"Irú igi wo?"

Mo tún wò ó dáadáa. Mo dúró. Mo ní, "Ó... Bàbá Abíọ́nà, igi náà ya ẹnu."

Ó bú sẹ́rìn-ín débi tí àwọn lékeléke fò. "Ọ̀nì nìyẹn! Ó ń yá oòrùn. Ìwọ náà lọ yá tìrẹ, kò bá ẹ jà."

"Ẹ jẹ́ ká padà."

"Ká padà síbo? Ẹran tó ya ẹnu láti yá oòrùn, ó ti yó. Èyí tó pa ẹnu dé, tí ojú nìkan yọ lórí omi, ìyẹn ni kí o pè mí sí."

Láti ìgbà náà, orí omi ni mo ń wò, mò ń wá ojú. Mo rí púpọ̀ tí kì í ṣe ojú. Ewé ni, ìfófò ni, èso igi ni. Ẹyẹ kékeré kan wà, ẹ̀yìn rẹ̀ bí aṣọ ẹtù, àyà rẹ̀ pupa, ó jókòó sórí ẹ̀ka, ó sì já wọ omi bí òkúta. Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un. Ó ní irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò sí láyé, pé ìbẹ̀rù ló ń kun ẹyẹ ní aró lójú mi.

A dé ibi tí odò ti gba àárín àpáta kọjá. Àpáta dúdú, ó ń dán bí ẹ̀yìn erin, omi sì ń hó láàárín rẹ̀ débi tí a kò gbọ́ ohùn ara wa. Mo fà á gòkè níbẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ọ̀pá. Lẹ́yìn àpáta, igbó dúdú ló kàn, àwọn igi ńlá tí ẹ̀ka wọn pàdé lókè, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù bí inú ilé. Àwọn ẹdun wà lókè, irun wọn dúdú, funfun gùn sísàlẹ̀ bí ìyẹ̀rì. Wọ́n ń fò láti igi dé igi. Ọ̀kan dúró ó ń wò mí. Ọkọ mi gbójú sókè síbi tí ewé ti ń mì.

Ó ní, "Wọ́n kò pọ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi mú mi wá síbí, èèyàn kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ nítorí ariwo wọn. Erinmi náà wà nínú odò yìí nígbà yẹn."

Mo ní, "Kí ló pa wọ́n?"

"Àwa ni." Ó tún ọ̀pá dìmú. "Má dúró lójú kan, ìyá Abíọ́nà, dókítà kò ní dúró dè wá."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, a kan odò kékeré kan tó ń ṣàn wọ Ògùn. Igi ọ̀pẹ kan ni wọ́n gbé dábùú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ mú un kọjá, òun kò yọ̀. Mo padà lọ gbé ẹrù, èmi tí ojú mi là ni mo yọ̀. Mo dì mọ́ igi, ṣùgbọ́n agbọ̀n tí ẹ̀kọ àti èkuru wa wà nínú rẹ̀ já bọ́. Mo ń wò ó bí omi ṣe ń gbé e yí po, tó fi wọ Ògùn, tó lọ.

Ó gbọ́ ìró rẹ̀. "Ìwọ ni àbí oúnjẹ?"

"Oúnjẹ ni."

"Ó dáa. A ó rí oúnjẹ mìíràn."

A sùn nínú ahéré apẹja kan tí kò sẹ́ni níbẹ̀. A kò jẹ nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, òòyì ń kọ́ mi. Ìdí ni pé láti àná ni n kò ti fi bẹ́ẹ̀ jẹun, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọ̀ mí lọ́fun. Igbó ti tán níbẹ̀. Ọ̀dàn ni, eésún tó ga ju èèyàn lọ, lẹ́yìn rẹ̀ ibi tí iná ti jó, ilẹ̀ dúdú, àwọn igi emi dúró láàárín rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Àwòdì ń yí lókè ibi tí èéfín ṣì ti ń rú, wọ́n ń já bọ́ láti gbé tata àti èkúté tó ń sá fún iná. Ẹtu kan sá kọjá níwájú wa, ó súnmọ́ wa débi tí mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ọkọ mi gbé ọwọ́ sí èjìká níbi tí ìbọn máa ń wà. Ó ti fi ìbọn sílẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn ọ̀dàn yẹn ni a já sí oko iṣu. Oko náà lọ títí dé bèbè odò. Wọ́n ti wa púpọ̀, wọ́n kó o jọ lábẹ́ igi igbá kan. N kò rí èèyàn.

Ọkọ mi gbóhùn sókè. "Ẹ kú iṣẹ́ o! Olóko o! Àlejò ni wá o!" Ó pè títí. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ó ní, "Wò ó dáadáa, ṣé wọ́n fi ààlè sí i?"

Mo wá àkísà, mo wá ìgbálẹ̀, mo wá ìkaraun ìgbín, gbogbo ohun tí wọ́n fi ń lé olè. Mo ní kò sí.

"Ó dáa. Mú ọ̀kan wá. Mú èyí tí kò tóbi."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ebi ń pa ẹ́, mo ń gbọ́ ọ lára ọ̀pá."

"Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ìwọ kò gbọdọ̀ jalè."

Ó kọjú sí mi. Bí ó bá ń kọjú sí mi nígbà náà, etí mi ló máa ń wò. "Ta ló ń jalè? Salome, ẹ kú ìwé kíkà o! Arìnrìn-àjò ni wá. Ebi kì í pa arìnrìn-àjò kú lẹ́bàá iṣu. Sun ún níbẹ̀, jẹ ẹ́ níbẹ̀, fi èèpo sílẹ̀ kí olóko rí i pé àlejò ló wá. Má mú nǹkan kan dání lọ. Ìyẹn ni òfin. Ẹni tó jẹ ẹ́ níbẹ̀, àlejò. Ẹni tó mú un dání, olè. Èmi tí mò ń mú olè, ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́?"

Mo dá iná. Mo sun iṣu náà, mo ha á, mo gbé e fún un lórí ewé. Èmi jókòó síbi tí mo ti lè rí ọ̀nà. Ó jẹ ìlàjì.

"Wá jẹ."

"Mo ti yó."

"Kí lo jẹ tó o fi yó? Ẹ̀rù?"

Ó bẹ̀ mí, èyí tí kì í ṣe. Mo ní ó yá, mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ bu omi mu. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, mo mu omi, mo bọ́jú, mo jókòó díẹ̀ kí ara mi tó dúró. Nígbà tí mo padà, ó ti da iyẹ̀pẹ̀ bo iná, èèpo wà lójú kan gbangba, ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó ti jẹ èyí tó kù ni. Ó ní ká máa lọ.

A kò tíì rìn jìnnà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ààlà oko náà ni, nígbà tí ilẹ̀ yí mọ́ mi lójú. Mo jókòó sílẹ̀ nínú koríko. Mo gbọ́ tó jókòó tì mí. Ó fọwọ́ wá ojú mi, ó fọwọ́ pa á. Lẹ́yìn náà, ó ki ọwọ́ sínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó fa ewé yọ.

"Jẹ."

Mo tú ewé. Ààbọ̀ iṣu náà ni. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mo ní, "Bàbá Abíọ́nà, ẹ ní..."

"Mo mọ ohun tí mo ní."

"Ẹ ní ẹni tó bá mú un dání..."

"Ṣé n ó wá máa wò ọ́ kí o dákú? Òfin yẹn, àwọn tí ìyàwó wọn ń jẹun ló ṣe é. Jẹ ẹ́ kíákíá, kò sẹ́ni tó rí wa."

Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn wa.

"Ẹ̀yin àlejò! Ẹ̀yin àlejò wa! Ẹ dúró o, ẹ ti ń yára jù!"

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló ń bọ̀, ìbòrí lórí rẹ̀, ó gbé igbá kékeré lọ́wọ́, ó rọra ń rìn kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má baà dànù. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e, àdá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rín wà lójú obìnrin náà. Ó ní, "Èmi ni Hàlímọ̀, ìyàwó olóko. Mo rí èéfín yín láti abà, mo ní àlejò ń jẹ iṣu lófìfo. Mo gbé epo wá. Ẹ ò dúró de..."

Ojú rẹ̀ bọ́ sórí iṣu tó wà lọ́wọ́ mi. Epo náà pọ́n nínú igbá bí oòrùn àṣálẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, ọ̀dọ́kùnrin ṣìgbọnlẹ̀, Awótúndé ni wọ́n ń pè é, òun ló ń ṣọ́ oko fún wọn. Ó fi àdá tọ́ka. "Ìyáa mi, kí nìyẹn?"

Mo ní, "Èmi ni mo mú un. Ebi ló ń pa mí."

Ọkọ mi ní, "Irọ́ ló ń pa. Kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo dì í sápò."

"Èmi ni, ẹ má dá a lóhùn, ojú rẹ̀ kò ríran."

"Àṣàkẹ́, panu mọ́. Èmi ni."

Awótúndé wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan o. Láti ìgbà tí mo ti ń mú olè, wọ́n máa ń tì í sí ara wọn lọ́rùn ni. Àwọn wọ̀nyí ń du olè bí ẹni du oyè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Awótúndé, ẹ jọ̀ọ́, ebi ló pa ìyàwó. Ẹ wo ètè rẹ̀."

"Ìyá, bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lábẹ́ igi igbá yẹn, bí wọ́n jẹ mẹ́wàá, èmi fúnra mi ni n ó bá wọn bu omi. Wọ́n rékọjá ààlà. Ta ló mọ ẹni tó rán wọn nírú àsìkò yìí? Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín dé."

Wọ́n kó wa lọ sí abà wọn. Mò ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ nínú: pé dókítà wà ní Èrúwà, pé lọ́la ló ń lọ, pé ojú kan ló kù. Mo ní kí wọ́n wo ojú náà. Awótúndé wò ó lóòótọ́, ó na ọrùn, ó wò ó.

Ó ní, "Ojú tó ń fọ́ yìí náà ló rí iṣu?"

Ní abà ni bàbá kan tó ń hun agbọ̀n ti gbójú sókè. Ó dìde. "Ṣé kì í ṣe Ṣàngótọ́lá òkè odò nìyí? Olórí ọdẹ?"

Mo ní rárá. Mo yára sọ ọ́. Ọkọ mi ní, "Èmi ni."

Nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ṣáájú, mo rò pé bó pẹ́ bó yá, wọn yóò fi wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti dé abà yẹn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Gbogbo wọn yọ síta. Ọkọ àwọn kan ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ẹ̀gbọ́n àwọn kan. Obìnrin kan ní, "Ẹni tí kì í forí ji ẹnikẹ́ni!" Òmíràn ní, "Ajá tí a ní kó ṣọ́ ẹran ló wá ń lá ẹnu yìí." Wọ́n ní kí wọ́n ṣe é fún un bí ó ṣe ń ṣe é fún ọmọ ẹlòmíràn.

Hàlímọ̀ dúró sí iwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọkọ mi kò sí nílé! Ẹni tó ni iṣu kò sọ̀rọ̀!"

Ọkọ mi ní, "Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é." Ó tẹ orí ba kí Awótúndé lè so iṣu náà mọ́ ọn, nítorí ọkọ mi ga ju gbogbo wọn lọ.

Iṣu sísun kò ṣe é so. Ó ń fọ́. Wọ́n tún ewé wé e, wọ́n fi okùn gbà á yí po, wọ́n gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n wá ní kí èmi máa fà á, nítorí èmi ló ń fi ọ̀pá mú un kiri tẹ́lẹ̀. Mo kọ̀. Ó ní, "Àṣàkẹ́, fà á. N kò mọ ilẹ̀ ibí, má jẹ́ kí n ṣubú." Mo bá fà á. A yí abà náà po. Àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin pé,

Ó jẹ ẹ́, kò yó,
Ó tún dì í dání!

N kò gbé ojú kúrò nílẹ̀. Mò ń wá gbòǹgbò fún un.

Ọ̀sán ti ń yẹ̀ nígbà tí Àkànó, ọkọ Hàlímọ̀, dé láti ìpàdé àwọn àgbẹ̀. Ó gbọ́ ariwo láti ọ̀nà, Hàlímọ̀ sì sáré lọ pàdé rẹ̀. Ó rí ọkọ mi lábẹ́ igi pẹ̀lú iṣu lọ́rùn. Kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó fi ọ̀bẹ gé okùn náà, ó jù ú sígbó. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí wọn.

"Nítorí ààbọ̀ iṣu? Iṣu sísun? Àwọn agbowó orí ń fi lọ́rì kó wa bí ewúrẹ́, ẹ̀yin ń so àgbàlagbà lókùn nítorí iṣu sísun?"

Awótúndé ní, "Bàbá, òfin ni. Òun náà ló ń..."

"Ta ló ni iṣu?" Àkànó ké. "Mo ní ta ló ni iṣu?"

Ó jókòó ti ọkọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ti sọ ti ojú fún mi. Ẹ kò pẹ́ jù rárá. Ọ̀nà oko tó wọ Èrúwà, ẹ̀yìn àpáta tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán yẹn ló wà. Bí ẹ bá gbéra báyìí, Èrúwà lẹ ó sùn. Dókítà kò ní lọ kó tó di ọ̀sán ọ̀la. Èmi fúnra mi ni n ó sìn yín dé ojú ọ̀nà. Hàlímọ̀, di iṣu fún wọn. Di mẹ́ta."

Ayọ̀ dé ọkàn mi, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó ti tán. Ìyà ti jẹ wá, ojú sì ṣì wà níbẹ̀. Mo na ọ̀pá sí i.

Ọkọ mi dìde. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àkànó, ó dọ̀bálẹ̀ fún un, fún ẹni tó jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó di ìdí ọ̀pá mú. Mo kọjú sí ìsàlẹ̀ odò. Ọ̀pá kò tẹ̀ lé mi.

"Ọ̀nà kejì," ó ní.

"Bàbá Abíọ́nà, Èrúwà nìyí."

"Mo mọ ibi tí Èrúwà wà. Yí mi sí ọ̀nà ilé."

Àkànó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń sọ?"

Ó ní, "Ọ̀la ni ọjà Èrúwà. Gbogbo àwọn tó kọrin yìí ni yóò ná an. Kí n tó gbọn èérún iṣu kúrò lára aṣọ mi, Èrúwà ti gbọ́. Ilé ìwòsàn ti gbọ́. Dókítà yóò bó ojú mi, n ó la ojú náà, ta ni n ó wá fi wò? Ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

Mo kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ní, "Èmi lẹ ó fi wò. Ẹ fi wo Abíọ́nà. Ẹ fi wo odò."

Ó ní, "Àwọn tí mo so iṣu mọ́ lọ́rùn, ojú wọn là sílẹ̀ gbangba. Ṣé o rò pé wọ́n tún rí nǹkan kan lẹ́yìn ọjọ́ yẹn?"

Hàlímọ̀ ń sunkún. Awótúndé ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó súnmọ́ wa, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé yín pọ̀n lọ." Mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ọkọ mi yí orí sí ibi tí ohùn náà ti wá.

Ó ní, "Ìwọ ṣe iṣẹ́ rẹ. O ṣe é dáadáa." Kò sọ ọ́ bí èébú.

Bí mo bá jẹ́ obìnrin mìíràn, bóyá mo ì bá fà á lọ sí Èrúwà láìsọ fún un. Kò ríran dáadáa, ó lè má tètè mọ̀. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n odò wà ní ọwọ́ òsì wa nígbà tí a ń bọ̀, ó ń gbọ́ ọ, bí kò bá bọ́ sí ọ̀tún, yóò mọ̀. A padà. A tún gba ibi tí iná jó kọjá, a tún gba abẹ́ àwọn ẹdun, lórí àpáta, mo fà á sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́. Kò bi mí ní nǹkan kan. Iṣu mẹ́ta tí Àkànó fún wa, orí mi ló wà títí a fi délé, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú wa. Ó jẹrà sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e tó dá, òjìji náà ti lọ. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, wọ́n ní dókítà ti wà ní Èrúwà. Abíọ́nà ọmọ wa ti ìlú Igangan wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ láti gbé bàbá rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń dá èèyàn dúró lójú títì mọ́, òun yóò fi aṣọ bo bàbá òun lórí, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ̀ ní, "Olè ló ń fi aṣọ borí."

Abíọ́nà sọ̀rọ̀ títí, ó bínú, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi náà sọ tèmi títí ó fi sú mi. Ní ọdún kan, n kò tiẹ̀ sọ fún un pé mò ń lọ, mo lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ní Èrúwà, mo ní ṣé dókítà lè wá sí abà. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó ní, "Màmá, ojú tó bá ti pẹ́ báyẹn nínú òkùnkùn, ẹ má da ara yín láàmú." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ti di ọdún keje báyìí. Ẹ̀yìn ilé ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, ó ń hun agbọ̀n. Bí àlejò bá dé, yóò wọlé. Nígbà tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un, tí mo bá ti fi ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo, yóò dúró.

"Ìwọ ti jẹun?"

Mo máa ń ní mo ti jẹ. Nígbà mìíràn, n kò tíì jẹ. Kò sì ríran mọ́ tí yóò fi mọ̀.